Ọ̀dà Búlúù Lára Géètì Oníbúrẹ́dì

Ẹni tó ni ìtàn yìí kò fẹ́ kí n bo ohunkóhun. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè bínú sí òun dáadáa. Èmi náà bínú sí i nígbà tó ń sọ ọ́. Mo tilẹ̀ dìde lórí àga mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Àbúrò ni gbogbo ayé ń pè é. Pẹ́ńtà ni, ó ń kun ilé, ó ń kun géètì. Irun funfun ti ń yọ lórí rẹ̀, ó níyàwó, ó bímọ, síbẹ̀ Àbúrò náà ni. Tó bá wọ ibi tí èèyàn pọ̀ sí, wọ́n á ní, "Àbúrò, ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?" Tó bá kun ilé èèyàn tán tí ògiri ń dán, onílé á ní kó bá òun kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún ju bó ṣe ń fi hàn lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́, nítorí kì í pariwo, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Aṣòfin ni, ọmọ Ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹkùn ìdìbò tó ń ṣojú fún, ti Ẹgbẹ́ Àkàbà ni látòkè délẹ̀. Fìlà pupa Àkàbà ni wọ́n ń dé níbẹ̀, orin Àkàbà ni wọ́n ń kọ, ẹni tí Àkàbà bá fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ ni wọ́n sì ń da ìbò lé lórí. Síbẹ̀ Pẹ̀lẹ́ ń wọlé. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní èèṣì ni. Ó tún wọlé, wọ́n ní oògùn ni.

Kì í ṣe oògùn. Àbúrò ló ń wa ọkọ̀ fún un nígbàkúùgbà tí ìbò bá ti sún mọ́lé, ó sì mọ bó ṣe ń ṣe é. Pẹ̀lẹ́ kì í bú olórí Àkàbà. Nígbà tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ fẹ́ ti ọsibítù àdúgbò náà pa, ó dìde nílé ìgbìmọ̀, ó dìbò tako ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Kò jẹ́ kí wọ́n fi àmì kọ́kọ́rọ́ sára pósítà òun. Orúkọ rẹ̀ àti omi ẹ̀rọ tó fà wọ àdúgbò ló wà níbẹ̀. Ohun tó sì ń sọ fún àwọn èèyàn kò ju kan lọ.

"Ẹ dìbò ààrẹ fún Àkàbà yín, kò dùn mí. Ìwé ìdìbò tèmi yàtọ̀. Èmi ni kí ẹ fi síbẹ̀, nítorí ẹ mọ̀ mí."

Inú ilé wọn ló ti ń sọ ọ́ fún wọn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló sì ń gbà wọlé. Ìdí tó fi ń gba ẹ̀yìn ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kọ́ńkírì, olórí àwọn jàǹdùkú Àkàbà. Nígbà ìbò tó kọjá, Kọ́ńkírì rí bébà Kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ọkùnrin aránṣọ kan. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà sílẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà sókè, ó sì sọ ọ́ lé ọwọ́ méjèèjì. Ọkùnrin yẹn kò ránṣọ mọ́ títí dòní, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a di bọ́tìnnì ẹ̀wù.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni Pẹ̀lẹ́ ṣèlérí fún àwọn èèyàn rẹ̀ níbẹ̀: kò sẹ́ni tó máa mọ̀ wọ́n nípasẹ̀ òun.

Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù nínú wọn ni Oníbúrẹ́dì àti ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin náà ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àkàbà ní àdúgbò, wọn kì í tiẹ̀ pè é ní nǹkan mìíràn ju Akọ̀wé lọ. Àyà ń dùn ún. Ọsibítù tí Pẹ̀lẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n tì pa yẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, ó sì máa ń sọ pé òun ì bá ti wà nínú ilẹ̀. Tí Pẹ̀lẹ́ bá yọ́ wọlé, ẹ̀gbẹ́ ààrò ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí òógùn á máa yọ lára gbogbo wọn.

"Aṣòfin, ìpolongo wa ń bọ̀ o," Akọ̀wé á sọ. "Màá bú yín níbẹ̀ débi pé ẹ ò ní sùn. Ẹ má bínú."

"Ẹ bú mi dáadáa, Akọ̀wé," Pẹ̀lẹ́ á dáhùn. "Ẹ ṣáà yọ ìyá mi kúrò níbẹ̀."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníbúrẹ́dì á wé búrẹ́dì gbígbóná kan fún Pẹ̀lẹ́, á la ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní kó máa lọ.

Gbogbo ìgbà yìí, Àbúrò wà níta nínú ọkọ̀, inú ń bí i. Lójú tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe bí ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó oníyàwó. Odindi aṣòfin. Ó ní ká ní òun ni, òun á gba iwájú wọlé, ẹni tó bá láyà kó wá dá òun dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ kiri níbi iṣẹ́, níbi ọtí, títí tó fi dé etí Alága Ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́. Alága kórìíra Pẹ̀lẹ́ látìgbà tó ti dìbò tako ẹgbẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ọsibítù yẹn. Ó ránṣẹ́ pe Àbúrò sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jókòó," Alága sọ.

Àbúrò bojú wẹ̀yìn. Ó rò pé ẹlòmíràn ló wọlé.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó, Ọ̀gá. Àwọn tó ń dìbò fún ẹ̀gbọ́n yín lábẹ́lẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ṣé wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀ gan-an, sà."

"Ẹ mọ ilé wọn?"

"Èmi ni mò ń wa ọkọ̀."

Alága fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ẹ wò ó, ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n ni pé oníkálukú rò pé òun nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká kun àmì kọ́kọ́rọ́ sára géètì gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Kí onílé wo ọ̀tún, kó rí kọ́kọ́rọ́. Kó wo òsì, kó rí kọ́kọ́rọ́. Kọ́ńkírì kan ṣoṣo, ṣé ó lè na gbogbo àdúgbò?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ò ní gbà."

"Ta ló ní kí ẹ bi í? Ẹ̀gbọ́n yín ò láyà. Tó bá di sáà tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ ò ní fà á kalẹ̀ mọ́. Ẹni tó láyà là ń wá. Kí lẹ rò pé mo torí ẹ̀ pè yín?"

Orí Àbúrò wú. Ó rí ara rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀, tí wọ́n ń pè é ní Ọlọ́lá. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń bi pé àbúrò rẹ ńkọ́.

Mo bi í léèrè bóyá ó mọ̀ pé ìjà ni Alága fẹ́ dá sílẹ̀, kí àwọn tó ń dìbò fún Pẹ̀lẹ́ lábẹ́lẹ̀ lè sá, kí Pẹ̀lẹ́ sì fìdí rẹmi nínú ìbò. Ó ní rárá, òun ò mọ̀. Mo tún bi í. Ó wo ilẹ̀, ó ní òun mọ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ ìpolongo ńlá Àkàbà ni wọ́n mú. Ọ̀sán ni. Gbogbo àdúgbò ti da fìlà pupa borí, wọ́n ti lọ sí pápá, àwọn tó ń dìbò fún Pẹ̀lẹ́ gan-an ló wà níwájú, kí ẹnikẹ́ni má baà fura sí wọn. Pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ wà nílé ìgbìmọ̀. Àbúrò gbé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kó ọ̀dà búlúù sẹ́yìn, ó gbé páálí tó ti fi ọ̀bẹ gé ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ dání. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Á gbé páálí mọ́ géètì, á fi búrọ́ọ̀ṣì fà á lẹ́ẹ̀mejì, á yọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà á yọ gẹ́rẹ́ bí ẹni tẹ̀ ẹ́ jáde látinú ẹ̀rọ. Ó ń kùn ún láti géètì dé géètì, ó tiẹ̀ ń súfèé.

Ilé Oníbúrẹ́dì ló kùn kẹ́yìn. Ó rò pé kò sẹ́nì kankan nílé, kò mọ̀ pé Ìyá Oníbúrẹ́dì kò lọ sí pápá, torí ìyẹ̀fun tó ti pò ń wú. Obìnrin náà gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì lára irin, ó jáde, ìyẹ̀fun bò ó dé ìgúnpá.

"Àbúrò, kí lò ń ṣe sí géètì mi?"

Àbúrò yíjú sí i. "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Kọ́kọ́rọ́ ni. Gbogbo ilé là ń kùn ún sí lónìí, kẹ́rù má baà ba ẹnì kankan mọ́."

"Akọ̀wé Àkàbà ni ọkọ mi. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa á ni?"

"Wọn ò lè pa gbogbo àdúgbò, Mà. Ẹ yọjú síta kẹ́ ẹ wò ó."

Obìnrin náà yọjú. Búlúù ló ń rí lọ títí dé ìkángun òpópónà. 

"Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní kó o ṣe é?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ká ní ó ní rárá ni, obìnrin yẹn ì bá gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá fi kẹrosíìnì nu géètì rẹ̀, ì bá sáré kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò. Àkókò ṣì wà. Orin ìpolongo ṣì ń dún láti pápá.

"Òun ni," Àbúrò sọ. "Òun ló rán mi."

Ìyá Oníbúrẹ́dì wò ó. Ó mí kanlẹ̀. "Tó bá jẹ́ Pẹ̀lẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, kùn ún." Páálí ń yẹ̀ lọ́wọ́ Àbúrò, obìnrin náà bá a dì í mú ní ìsàlẹ̀ títí tó fi kùn ún tán.

Àbúrò kò lọ sílé. Ó gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi ní ìkángun òpópónà, ó ti dígí sókè, ó ní òun fẹ́ rí bí inú àwọn èèyàn ṣe máa dùn.

Àwọn èrò náà dé pẹ̀lú orin. Ọtí ti wọ àwọn kan lára. Bí wọ́n ṣe wọ òpópónà, orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀, títí tí kò fi sí ìró kankan mọ́. Kọ́ńkírì jáde síwájú. Ó fi ìka kan géètì àkọ́kọ́, ó wo búlúù tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Kò tíì gbẹ," ó sọ, ó sì rẹ́rìn-ín. "Àwa ń kọrin ní pápá, àwọn ọ̀dàlẹ̀ ń kun ilé."

Tíṣà tó ni géètì náà wà láàárín èrò. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kọ́ńkírì fi orí kàn án nímú, ẹ̀jẹ̀ bo fìlà pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni gbogbo nǹkan dàrú. Wọ́n ń fọ́ fèrèsé, wọ́n ń wọ́ èèyàn jáde látinú ilé rẹ̀. Obìnrin kan ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò lára géètì, wọ́n gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ha á lápá. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ lára géètì wo ọ̀tún, ó wo òsì, gẹ́gẹ́ bí Alága ṣe wí. Ohun tó rí ni pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà ń jẹ ìyà tiwọn. Kò sí ẹni tó ráyè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Akọ̀wé wà lẹ́yìn, ó ń pariwo pé kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ẹgbẹ́ kò rán wọn níṣẹ́ yìí. Ẹnì kan fà á láṣọ.

"Akọ̀wé, géètì ta nìyẹn?"

Ó wò ó. Àbúrò ní láti inú ọkọ̀ lòun ti rí i pé ojú ọkùnrin náà kò fi ìbínú hàn. Ó kàn dà bí ẹni tó ti ń retí nǹkan kan tipẹ́, tó wá rí i pé ó ti dé.

"Ìwọ lò ń kọ orúkọ wa sílẹ̀ nípàdé," Kọ́ńkírì sọ. "Ìwọ lò ń gbàdúrà fún wa."

Wọ́n wọ́ ọ wọ inú ilé búrẹ́dì. Igi gbọọrọ tó fi ń fa búrẹ́dì jáde nínú ààrò ni wọ́n kọ́kọ́ fi lù ú, títí tó fi kán. Wọ́n fọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ìyẹn náà lù ú. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ sáàárín wọn, wọ́n tì í lu àpò ìyẹ̀fun, ó dìde, wọ́n tún tì í. Kọ́ńkírì fi bàtà tẹ ọkùnrin náà láyà, àyà tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀, ó sì dúró lé e bí ẹni tó ń wọ ọkọ̀.

Ẹnì kan da iná ààrò sílẹ̀. Nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wọn dẹ̀, Akọ̀wé sì já jáde. Ó ń sáré, ó ń ṣubú, ó ń dìde, ẹ̀jẹ̀ àti ìyẹ̀fun ti pò pọ̀ lójú rẹ̀. Ó wá rí ọkọ̀ kan lábẹ́ igi. Ó mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ Pẹ̀lẹ́ ni.

Ó sáré lọ bá a. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu dígí.

"Aṣòfin, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi."

Àbúrò rí ojú rẹ̀ nínú dígí, ó súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí èémí ọkùnrin náà ń bo dígí. Lẹ́yìn rẹ̀, Kọ́ńkírì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń bọ̀. Àbúrò na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ó tẹ bọ́tìnnì ibẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn náà pa. Ó ṣáná sí ọkọ̀. Akọ̀wé kò fi ọwọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ náà wọ́ ọ díẹ̀ kó tó já bọ́. Nínú dígí ẹ̀yìn ni Àbúrò ti rí i bí wọ́n ṣe tún yí i ká.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti fọ ọkọ̀ náà kó tó lọ gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ló wa Pẹ̀lẹ́ lọ sí ọsibítù. Lójú ọ̀nà, Pẹ̀lẹ́ ń bi í pé ta ló lè ṣe irú èyí, ta ló mọ gbogbo ilé wọ̀nyẹn. Àbúrò ní ó jọ pé àwọn Àkàbà fúnra wọn ni.

Ìyá Oníbúrẹ́dì wà lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ìyẹ̀fun àná ṣì gbẹ mọ́ ọn lápá. Bó ṣe rí Pẹ̀lẹ́, ó dìde, ó sì gbá a létí. 

"Ọkọ mi ní inú ọkọ̀ rẹ lo wà," ó sọ. Ẹni tó máa ń fi ọ̀wọ̀ pè é, “ìwọ” ló ń pè é báyìí. "Ó ní òun di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú. Ó ní òun ń bẹ̀ ọ́, o tì í mọ́ òun, o sì fi ọkọ̀ wọ́ òun nílẹ̀."

"Mi ò sí nílùú lánàá, Mà. Ilé ìgbìmọ̀ ni mo wà."

"O rán àbúrò rẹ kó wá kun géètì wa. Mo bi í. Ó ní ìwọ ni."

 Pẹ̀lẹ́ yíjú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wo Àbúrò, ó wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé," Àbúrò ní. "Alága ló ní..."

Kò parí ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tí kò gbá ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀ gbá a lẹ́nu débi pé eyín já. Ó gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri. Àbúrò ṣubú, Pẹ̀lẹ́ gun orí rẹ̀, ó ń lù ú níbi tí ọwọ́ bá ti bà, ojú, ọrùn, etí. Ó fa irin tí wọ́n ń gbé omi aláìsàn kọ́, ó gbé e sókè. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló dì í mú. Ẹnu rẹ̀ ń hó, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ léraléra: "Mo ṣèlérí fún wọn. Mo ṣèlérí fún wọn."

Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo gbogbo wọn, kò mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ fún. Ìyá Oníbúrẹ́dì rí i.  Ó kàn jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì. Akọ̀wé ti kú nígbà tí wọ́n ń jà.

Pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ ló mú àbúrò rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ àwọn méjèèjì. Alága ní òun ò mọ ọkùnrin kankan tó ń jẹ́ Àbúrò. Wọ́n mú Kọ́ńkírì náà, ó sì ń bẹ níbi tó yẹ kó wà.

Lẹ́yìn náà ni Pẹ̀lẹ́ lọ sí pápá Àkàbà ní ọ̀sán gangan, òun nìkan, ó gun orí àga kan. Wọ́n sọ òkò lù ú. Ìgò kan bà á níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀.

"Kọ́ńkírì ló pa Akọ̀wé," ó sọ. "Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mi ló rán ikú sí i, ọwọ́ àbúrò mi ló sì gbé e wá. Mi ò ní kí ẹ dìbò fún mi. Mo ní kí ẹ mọ̀ ni."

Òkò mìíràn tún wá. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n dé fìlà pupa ló kọ́kọ́ rìn lọ dúró yí i ká, tíṣà tí wọ́n fọ́ nímú tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń ju òkò kò lè jù ú mọ́, àfi kí wọ́n jù ú lu ìyá wọn.

Nígbà tí ìbò dé, Ẹgbẹ́ Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọn ò ná kọ́bọ̀ lé e. Ẹkùn náà dìbò ààrẹ fún Àkàbà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Wọ́n wá mú ìwé ìdìbò kejì, wọ́n fi Pẹ̀lẹ́ síbẹ̀. Wọn ò yọ́ ṣe é mọ́. Fìlà pupa wà lórí wọn, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ lórí ìlà, ìbò rẹ̀ sì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Inú ẹ̀wọ̀n ni Àbúrò ti gbọ́. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó jẹ́ Àkàbà lù ú torí Akọ̀wé, àwọn tó jẹ́ Kọ́kọ́rọ́ lù ú torí pé ó dárúkọ Alága ní kóòtù. Wọ́n ṣẹ́ ẹ ní ìka. Ó ní kò dun òun tó bí ẹ̀gbọ́n òun kò ṣe wá wo òun. Gbogbo ọjọ́ àbẹ̀wò ló ń wẹ̀, tó ń jókòó, tó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n pè é pé ó ní àlejò. Ó sáré jáde. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló bá níbẹ̀, nínú aṣọ dúdú, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan.

 Àbúrò dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì.

"Dìde," obìnrin náà sọ. "Jókòó. Mo dìbò fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹ ṣé, Mà."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn, o ní Pẹ̀lẹ́ ló rán ọ. Mo mọ̀ pé irọ́ ni."

Àbúrò rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Ojú rẹ kò dúró síbì kan. Ọ̀dà ń kán sí ọ lẹ́sẹ̀, o ò mọ̀. Mo ti tọ́ ọmọ, mo mọ bí ẹni tó ń parọ́ ṣe ń rí. Mo mọ̀ kí o tó pa ẹnu dé."

"Kí ló dé tí ẹ ò lé mi, Mà?"

"Ó ti sú mi." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Ó sú mi kí ọkọ mi máa dé fìlà lọ bú ẹni tó fẹ́ràn, kó wá padà sílé kó máa bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kó jáde lẹ́nu mi. Ó sú mi kí n máa la ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bí ẹni tó ń gba ẹrù olè. Mo ní kó kúkú ṣẹlẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀, ká sinmi. Mo rò pé wọ́n á lù ú díẹ̀, wọ́n á gba fìlà náà lórí rẹ̀, á sì di tèmi padà. Mi ò rò ó dé ikú. Mo bá ọ di páálí mú."

Wọ́dà ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn. 

"Adájọ́ bi mí, mo ní o tàn mí jẹ," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Gbogbo èèyàn ló ń bá mi kẹ́dùn. Wọ́n dáwó kọ́ ààrò tuntun fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fi orí lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n forí ji òun. Mo forí jì í. Gbọ́ nǹkan tí mo sọ yẹn, Àbúrò. Mo forí jì í."

Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ìwọ, wọ́n ti ọ mọ́lé. Èmi, búrẹ́dì ni wọ́n ń tò rà lọ́wọ́ mi."

Ó dìde. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Tí o bá jáde, tí o bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún èèyàn, má sọ pé ìwọ nìkan ni."

Àbúrò ti jáde báyìí. Ọ́fíìsì mi ló jókòó sí nígbà tó sọ gbogbo èyí, eyín iwájú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí ìtàn rẹ̀ dé ibi ọ̀rọ̀ obìnrin náà, mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ní obìnrin yẹn ṣì wà láyé, ó ń tajà láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ ká yọ apá yìí kúrò.

Ó ní òun ti lọ bá obìnrin náà kí òun tó wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní gbogbo ohun tí obìnrin náà sọ fún òun ni pé kí n rí i dájú pé mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun Ìyá Oníbúrẹ́dì ló di páálí náà mú.